Ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan ní Ẹ̀pẹ́ àti adé kékeré tó wà lórí òǹtẹ̀ rẹ̀

Nínú àpótí onígi kan nílé ìdílé ọlọ́dẹ ní Ẹ̀pẹ́, lápá Èkó Ẹ̀pẹ́, ni ìbọn yìí ti jáde lẹ́yìn tí bàbá tó ni ín dolóògbé. Ìtàn méjì ló bá a jáde. Àwọn àgbà ilé ní ìbọn Kòsọ́kọ́ ni, pé ó wà lára ẹrù tí ọba náà kó wá sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé e kúrò l'Ékòó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851. Ẹ̀ka ìdílé tí ìyá wọn jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ní rárá o, ojú ogun Ìmàgbọn, tí Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà lọ́dún 1892, ni wọ́n ti rí i mú bọ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á tún mú ìtàn kẹta wá. Ó ka "J. Manton, London" lórí ìbọn náà, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá pátápátá nínú àwọn tó ń rọ ìbọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì fẹ́ san owó gidi kó gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ náà láìsí ìwé kankan.

Ohun mẹ́ta ni ìdílé fẹ́ mọ̀: ta ló ṣe é, ìgbà wo ni wọ́n ṣe é, ṣé ó sì ṣeé yìn níbi ìsìnkú bàbá bí àwọn ọlọ́dẹ ti máa ń ṣe. Ìbéèrè kẹta ló ń kánjú jù, nítorí ọmọ ilé kan ti ra páálí katíríjì tuntun sílẹ̀ de ọjọ́ náà.

Kí a tó fọwọ́ kàn án

Ọjọ́ orí kì í sọ ìbọn di ohun ọ̀ṣọ́ lójú òfin Nàìjíríà. Òfin ohun ìjà oníná ti ọdún 1959 ka ìbọn ẹlẹ́nu méjì mọ́ èyí tí ẹnìkan lè ní tó bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ṣakabùlà tí a ń ki láti ẹnu pàápàá ń fẹ́ ìwé àṣẹ tirẹ̀. Orúkọ olóògbé ló wà lórí ìwé tí wọ́n bá nínú àpótí, ìwé àṣẹ kì í sì í ṣe ohun tí ọmọ ń jogún bí ilẹ̀. Lọ́yà ìdílé kọ̀wé sí tẹ́ṣàn, ọlọ́pàá kan sì wà níkàlẹ̀ títí àyẹ̀wò fi parí. Ilé ni àwa tí ìdílé pè ti yẹ ìbọn náà wò. Ẹni tó bá fi aṣọ wé irú rẹ̀ wọ ọkọ̀ èrò láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìkòròdú, pé kí ẹnìkan lè bá òun wò ó, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn lọ bá ẹjọ́.

Ìbọn tó ti sùn sínú àpótí fún ọdún púpọ̀, ẹ kà á sí ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ títí ojú yóò fi rí i pé ó ṣófo. Ẹnu rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀, ìka jìnnà sí tírígà, a ti ọwọ́ ìṣí tó wà láàárín òòlù méjèèjì sápá ọ̀tún, ọ̀pá sì tẹ̀ wálẹ̀. Ihò katíríjì méjèèjì ṣófo. Ká ní èyí tí a ń ki láti ẹnu ni, ọ̀nà mìíràn la bá gbà: a ó ti ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀ títí yóò fi gúnlẹ̀, a ó sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, a ó wá gbé igi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá níta. Bí ó bá ku ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí igi tó dé ìdí ọ̀pá, ẹ̀tù àti ọta ṣì wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ sì ti di ti ọlọ́pàá.

Inú ọ̀pá ọ̀tún mọ́lẹ̀. Ti òsì ṣókùnkùn biribiri, nítorí agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ti dí i pa nítòsí ẹnu. Èyí wọ́pọ̀ púpọ̀ lágbègbè ọ̀sà, ó sì yẹ kí gbogbo ilé tó ní ìbọn mọ̀ ọ́n. Igi tí a wé aṣọ mọ́ lórí ni a fi tì í jáde láti ìdí síwájú. Irin yóò ha inú ọ̀pá.

Ohun tí ara ìbọn ń sọ

Ọ̀pá rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 76, gbogbo rẹ̀ sì wúwo díẹ̀ ju kílò 3 lọ. Ìta ni òòlù méjèèjì wà. Ihò katíríjì rẹ̀ jẹ́ ti katíríjì tí iná rẹ̀ wà láàárín ìdí, irú èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lónìí. Irin róbótó kan sì gba ìdí ọ̀pá kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, òun ló ń tì í pa tí a bá pa á dé.

Ẹni tó bá mọ ìtàn irú ẹ̀rọ yìí ti lè dá ẹjọ́ kan kó tó ka òǹtẹ̀ kankan. Nǹkan bí ọdún 1835 ni Casimir Lefaucheux ní Paris mú ìbọn tó ń tẹ̀ láàárín wá sójú ọjà, abẹ́rẹ́ irin sì ni katíríjì ìgbà yẹn ní lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń yọ sókè níbi tí òòlù yóò ti gbá a. Katíríjì oníná-àárín kò gbilẹ̀ ní London títí di ọdún 1861, nígbà tí George Daw gbé tirẹ̀ jáde. Irin róbótó tó gba ìdí ọ̀pá kọjá jẹ́ ọgbọ́n W. W. Greener ti Birmingham, lọ́dún 1865. Ó ku òòlù. Nígbà tí a rọra jẹ́ kí òòlù ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀, ó kan abẹ́rẹ́ ara ìbọn tó ń gbá ìdí katíríjì, ó sì padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Sípírín tó ń dá òòlù padà báyìí, Stanton ti Wolverhampton ló gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ lọ́dún 1867. Ìbọn tó ní í lára kò lè bá ẹnikẹ́ni gun ọkọ̀ ojú omi kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Manton. Joseph Manton, ọ̀gá tí gbogbo ayé ìbọn ń bọ̀wọ̀ fún, kú lọ́dún 1835. Ìbọn olókùúta, tí òkúta ń ṣáná fún, àti ìbọn alátè, tí òòlù ń gbá ìdérí kékeré oníná, ni iṣẹ́ rẹ̀; ẹnu ni a ti ń ki méjèèjì. Orúkọ rẹ̀ níyì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń rọ ìbọn olówó pọ́ọ́kú fi ń kọ ọ́ sára tiwọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ti ìbọn yìí: orí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀ nìkan ló wà, lẹ́tà "n" ìkẹyìn ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, "London" dá dúró láìsí orúkọ òpópónà. Ìbọn London gidi a máa ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é lára irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, a máa ní nọ́ńbà, a sì máa gba òǹtẹ̀ ilé ìdánwò ìbọn ti London, tí í ṣe lẹ́tà G àti P tó wọnú ara wọn lábẹ́ adé. Kò sí ọ̀kankan níbí. Orí ìbọn ni ibi tí ẹlẹ́tàn máa ń kọ nǹkan sí. Abẹ́ ọ̀pá ni kí ẹ wò.

Abẹ́ ọ̀pá

Igi abẹ́ ọ̀pá ní ìdè kékeré kan tí a ń fà wálẹ̀. Tó bá ti kúrò, ọ̀pá yóò yọ kúrò lára irin àárín. Ojú méjì tó tẹ́ pẹrẹsẹ wà ní abẹ́ ìdí ọ̀pá, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ sí. Epo àtijọ́ tó ti gan dúdú bò ó mọ́lẹ̀, ó dà bíi pé epo pupa ni wọ́n ń fi ra á. Kẹrosíìnì tí a fi owú kàn sí i fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti rọ̀, ó tó. Ọ̀bẹ, sáńdípépà àti búrọ́ọ̀ṣì onírin kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀, nítorí òǹtẹ̀ tí wọ́n bá ha nù kò ní padà mọ́. Nígbà tí ó gbẹ, a fi ẹfun lúlẹ̀ ra ojú irin náà, a fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún: ẹfun kúrò lórí irin, ó kù sínú gbogbo ohun tí wọ́n lù wọlé. Tọ́ọ̀ṣì tí a tàn láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, ló jẹ́ kó hàn kedere.

Àkọ́kọ́ ni àyíká gígùn bí ẹyin tí lẹ́tà E, L, G àti ìràwọ̀ kékeré wà nínú rẹ̀. Òǹtẹ̀ ilé ìdánwò ìbọn ti Liège ní Bẹ́ljíọ̀m nìyẹn, ilé iṣẹ́ tó ti wà láti ọdún 1672. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti ki ẹ̀tù dúdú sí ọ̀pá náà ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n yìn ín, kò sì ya. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òpó kékeré kan wà, àmì ìlú Liège, àti lẹ́tà kan lábẹ́ ìràwọ̀ tí í ṣe ti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ni 18.4, ìbú inú ọ̀pá ní mìlímítà, tó sún mọ́ ìwọ̀n 12 tí à ń pè. Nọ́ńbà 12 yẹn wá láti ayé àtijọ́: ó jẹ́ iye ọta òjé róbótó tó wọ ẹnu ọ̀pá rẹ́gí, tí àpapọ̀ wọn wúwo tó pọ́n-ùn kan. Ìdí nìyẹn tí ìbọn ìwọ̀n 16 fi kéré lẹ́nu ju ti 12 lọ.

Ohun tó parí ẹjọ́ wà lórí àyíká ELG náà. Adé wà níbẹ̀. Ó kéré ju hóró ìrẹsì lọ, ìpata sì ti jẹ apá kan rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹfun mú ìka adé mẹ́ta jáde lórí ọ̀pá òsì, àti gbogbo rẹ̀ lórí ọ̀tún. Oṣù Keje ọdún 1893 ni Liège bẹ̀rẹ̀ sí í fi adé sórí òǹtẹ̀ yìí. Èyí tó ṣáájú ìgbà náà kò ní in. Láti ọdún 1922, wọ́n tún ń fi lẹ́tà kékeré kan kún un fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Gbogbo abẹ́ ọ̀pá ni a wò, a wo irin àárín pẹ̀lú, lẹ́tà ọdún kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn 1893 àti ṣáájú 1922 ni wọ́n dán ìbọn yìí wò.

Kòsọ́kọ́ ti padà sí Èkó lọ́dún 1862, ó sì kú lọ́dún 1872. Oṣù Karùn-ún ọdún 1892 ni ogun Ìmàgbọn jà, ó ku ọdún kan àti oṣù méjì kí adé yẹn tó dé orí irin. Ìtàn méjèèjì ṣubú pọ̀. Ó dun àwọn àgbà ilé, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí òǹtẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì lójú tiwa ju ìtàn ọba lọ. Àdéhùn Brussels ti ọdún 1890 tí àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí dí ọ̀nà mọ́ ìbọn tuntun ní apá tó pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n fi àyè gba ìbọn olókùúta àti ẹ̀tù òwò fún aráàlú, àmọ́ ìbọn tó ń tẹ̀ láàárín ń fẹ́ àṣẹ pàtàkì. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ṣakabùlà kún ìgbẹ́ wa tí ẹlẹ́nu méjì fi ṣọ̀wọ́n. Baba ńlá tó ní irú èyí ní Ẹ̀pẹ́ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ó ní láti jẹ́ ẹni tí apá rẹ̀ ká a, tí ojú rẹ̀ sì mọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fún ni láṣẹ. Kí ẹ wádìí orúkọ onítọ̀hún nínú ilé.

Irin tí wọ́n hun

Ẹni tó bá fi ojú ìbọn olówó pọ́ọ́kú wo iṣẹ́ yìí nítorí pé orúkọ orí rẹ̀ jẹ́ èké kò tíì wo ọ̀pá rẹ̀. Irin Dàmásíkù ni. Alágbẹ̀dẹ kó irin rírọ̀ àti irin líle jọ ní ìpele-ìpele, ó rọ wọ́n pọ̀ di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ́ ọ̀pá náà nígbà tó pọ́n lójú iná, ó to méjì tàbí mẹ́ta irú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó rọ wọ́n di igbánú irin, ó wá wé igbánú náà yí ọ̀pá àárín ká, ó ń fi òòlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí wọ́n bá fi oògùn pa ojú rẹ̀, irin rírọ̀ àti irin líle kì í gba àwọ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ọnà inú rẹ̀ ṣe ń hàn. Ti ìbọn yìí ká róbótó-róbótó bí ẹ̀yìn ìgbín, ìlà lórí ìlà, lórí gbogbo gígùn ọ̀pá. Àfonífojì odò Vesdre nítòsí Liège ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ jù. Nígbà tí ogun 1914 dé, irin líle olódindi ti ń gba ọjà lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ náà kò sì tún gbérí mọ́.

Àwọn kan máa ń ya irú ọnà yìí sórí irin lásán. Kí ẹ yọ igi abẹ́ ọ̀pá, kí ẹ wo ibi tí igi ń bò: ọnà gidi kì í dúró síbẹ̀, yóò lọ títí dé ojú pẹrẹsẹ tí òǹtẹ̀ wà. Ti èyí lọ dé ibẹ̀.

Ó bani nínú jẹ́ pé ẹnìkan ti fi sáńdípépà gbo ẹnu ọ̀pá ọ̀tún títí tó fi funfun, tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ọnà inú irin kò tíì lọ, nítorí kì í ṣe ọ̀dà. Àwọ̀ rẹ̀ ló lọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lè dá a padà, àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbo ó ni irin ń tín-ín-rín sí i.

Kò ṣeé yìn

Ìdáhùn ìbéèrè kẹta ni rárá, ìdí rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́tà PV, òǹtẹ̀ tí Liège ń lù sí ọ̀pá tó fara da ẹ̀tù aláìléèéfín, ẹ̀tù ìgbàlódé tó le ju ti dúdú lọ, kò sí lára rẹ̀; ẹ̀tù dúdú nìkan ni wọ́n fi dán an wò. Katíríjì tí ọmọ ilé rà jẹ́ ti ẹ̀tù aláìléèéfín, 70 mìlímítà. A ti rúlà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò katíríjì títí tó fi kan ibi tí ihò náà ti fún: 65 ni. Katíríjì gígùn náà yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, òun ló ń tan ènìyàn jẹ, torí kí wọ́n tó yìn ín ó kúrú ju gígùn tó wà lára páálí rẹ̀. Nígbà tó bá ṣí lẹ́nu, etí rẹ̀ yóò wọ ibi tó fún, ọ̀nà ọta yóò há, agbára yóò sì padà sẹ́yìn lu ìdí ọ̀pá, lẹ́bàá ojú ẹni tó yìn ín.

Ọ̀pá òsì tún ní àìsàn tirẹ̀. Nígbà tí inú rẹ̀ mọ́ tán, a gbé e sókè sí ojú fèrèsé, òjìji róbótó kan sì yí inú rẹ̀ po nítòsí ibi tí agbọ́n kọ́lé sí. Ìka tí a rọra fà níta kan ibẹ̀ pé ó wú. Wọ́n ti yìn ín rí nígbà tí nǹkan dí i: ọta sáré kan ìdènà, afẹ́fẹ́ gbígbóná kó jọ sẹ́yìn rẹ̀, irin sì fẹ̀. Ìwọ̀n inú ọ̀pá náà ti di 18.7 níbi tí ìpata jẹ. Nígbà tí a fi ìkọ́ abẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀pá méjèèjì kọ́, tí a fi oríkèé ìka gbá a, ó yẹ kó ró gooro, kí ohùn rẹ̀ falẹ̀. Pàkà ló dún. Òjé tí wọ́n fi lẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ àárín ti ṣí níbì kan, ọ̀rinrin ọ̀sà sì ti ń wọ abẹ́ rẹ̀ tipẹ́, níbi tí ojú kò lè dé. Ìbọn náà kò pa dé gírígírí mọ́ pẹ̀lú: ègé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a há sáàárín ìdí ọ̀pá àti irin tó kọjú sí i yọ jáde wẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí a pa á dé.

Wọ́n dá katíríjì padà fún ẹni tó tà á. Níbi ìsìnkú, àwọn ọlọ́dẹ tí ìwé àṣẹ wọn pé ni yóò yìn ṣakabùlà tiwọn.

Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ wa

Ẹni tó fẹ́ rà á sọ pé kí wọ́n tú awọ tó wà lọ́rùn igi ìdí ìbọn kúrò, pé ó ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. A tako èyí pátápátá. Igi náà ti ya lọ́rùn, ibi tí irú ìbọn yìí ti máa ń ya jù. Ẹni tó tún un ṣe fi awọ ewúrẹ́ tútù wé e, ó rán etí awọ náà pọ̀ ní abẹ́, ó wá fi wáyà bàbà dè é lókè àti nísàlẹ̀. Bí awọ ṣe ń gbẹ ló ń fún un pa. Kò mì títí di òní. Òòlù òsì pàápàá kì í ṣe ti Liège. Ti ọ̀tún ní òdòdó tí wọ́n fín sí i lára. Ti òsì jẹ́ irin lásán tí ojú fáìlì ṣì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí ti èkejì gẹ́lẹ́, ihò onígun mẹ́rin rẹ̀ sì bá irin tó gbé e dúró mu láìsí àlàfo. Alágbẹ̀dẹ tí kò ní ẹ̀rọ kankan ló wo ọ̀kan, tó sì rọ èkejì. Lójú ẹni tó mọ iṣẹ́, òòlù yẹn níyì ju orúkọ Manton orí ìbọn lọ, òun nìkan ló sì fi hàn dájú pé ìbọn náà gbé ilẹ̀ wa, ó ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa.

Ní ti owó, ìbọn Liège olóòlù tí ọ̀pá rẹ̀ ti wú, tí ìdí rẹ̀ ti ń mì, kò lè pa owó Manton. Ọnà ọ̀pá rẹ̀ àti ìtàn ilé tó ti wá ni iyì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kọjá ẹnubodè, ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ gba ìwé lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ìdílé ti fi ìbọn náà sí ìkáwọ́ ọlọ́pàá títí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ yóò fi yanjú, pẹ̀lú àwòrán òǹtẹ̀ rẹ̀ àti ìwọ̀n gbogbo tí a kọ sílẹ̀. Tó bá padà sílé, epo ẹ̀rọ fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n máa fi nù ún, kì í ṣe epo pupa tàbí àdín, torí wọ́n máa ń gan. Kí ẹnu rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀ níbi tí wọ́n bá gbé e dúró sí, kí epo má bàa ṣàn wọ igi ìdí kó sì mú un rà. Kí wọ́n má fi aṣọ tàbí ọ̀rá wé e, wọ́n ń gba ọ̀rinrin mọ́ra. Kí wọ́n fi aṣọ kékeré dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì nítorí agbọ́n, kí okùn pupa gígùn sì wà lára aṣọ náà tí yóò máa yọ síta, kí ẹnikẹ́ni tó bá gbé e lè rí i pé nǹkan wà nínú ọ̀pá.